Ọ̀wọ́ Ìran: Ohun Tí Fíìmù Lè Kọ́ Wa Nípa Ìtàn Sísọ

Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kọ́ni ní èdè àti lítíréṣọ̀ Yorùbá ní Mopa yìí, ìbéèrè kan náà ni mo sì ń fi yíǹkì pupa kọ sí etí ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti ọdún dé ọdún: "Kí ló fà á?" Bí mo bá ní kí wọ́n kọ àrọ̀kọ asọ̀tàn, ohun tí ọ̀pọ̀ wọn yóò gbé wá ni pé mo jí, lẹ́yìn náà mo wẹ̀, lẹ́yìn náà mo jẹun, lẹ́yìn náà ọkọ̀ dé, lẹ́yìn náà ìjàǹbá ṣẹlẹ̀. Irú àrọ̀kọ bẹ́ẹ̀ lè má ní àṣìṣe gírámà púpọ̀. Àmì ohùn rẹ̀ lè pé. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò ní rí ìdí kankan tí òun fi gbọ́dọ̀ ka gbólóhùn tó tẹ̀ lé èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kà tán. Ìjàǹbá ọkọ̀ àti ẹ̀kọ tí wọ́n mu láàárọ̀ ti di ọgbọọgba, wọ́n tò tẹ̀ lé ara wọn bí àgbàdo lára ṣùkù.

Ìwé gírámà kò rí àìsàn yìí wò. Fíìmù ni mo fi ń wò ó, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bí mo ti ń ṣe é fún ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń múra ìdánwò àṣekágbá.

Nínú fíìmù, ohun tó kéré jù ni àwòrán kan tí kámẹ́rà yà láìdúró. Bí a bá to irú àwòrán bẹ́ẹ̀ jọ, tí gbogbo wọn ṣẹlẹ̀ ní ibì kan àti ní àkókò kan, ó di ìran, gẹ́gẹ́ bí a ti mọ̀ ọ́n nínú eré onítàn orí ìtàgé. Bí ìran mélòó kan bá wá so mọ́ra, tí wọ́n jọ ń lé ohun kan ṣoṣo títí ohun náà fi yanjú tàbí tó bàjẹ́, èyí ni mo ń pè ní ọ̀wọ́ ìran. Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ náà nítorí bí a ti ń lò ó fún ẹran ọ̀sìn. Màlúù mẹ́wàá tó tú ká nínú pápá kì í ṣe ọ̀wọ́. Ìgbà tí wọ́n bá ń lọ síbì kan náà, tí darandaran sì wà lẹ́yìn wọn, ni wọ́n di ọ̀wọ́.

Kì í ṣe inú ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ọ̀wọ́ ìran ti kọ́kọ́ jáde. Ara ẹ̀rọ ló ti wá. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ sinimá, orí róòlù ni wọ́n ń ká fíìmù sí, róòlù kan sì gùn tó ẹgbẹ̀rún kan ẹsẹ̀ bàtà. Nígbà tí fíìmù olóhùn dé, irú róòlù bẹ́ẹ̀ kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 11 lọ. Ilé sinimá tí kò ní ju ẹ̀rọ kan ṣoṣo lọ gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n tó pààrọ̀ róòlù. Àwọn tó ń kọ ìtàn fún fíìmù wá rí i pé àwọn gbọ́dọ̀ mú kí róòlù kọ̀ọ̀kan ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin tirẹ̀, kí òpin náà sì jẹ́ irú èyí tí kò ní jẹ́ kí àwọn ènìyàn dìde lọ sílé. Nígbà tó pẹ́, tí pípààrọ̀ róòlù kò da ẹnikẹ́ni láàmú mọ́, àṣà náà kò parẹ́. Frank Daniel, ọmọ ilẹ̀ Czech tó di olùkọ́ ní Yunifásítì Columbia àti ti Gúúsù California ní Amẹ́ríkà, sọ ọ́ di ẹ̀kọ́ kíláàsì: ó ní fíìmù wákàtí méjì ṣeé pín sí ọ̀wọ́ ìran mẹ́jọ, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan yóò gbà tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kan, Paul Gulino, kọ ìwé lé e lórí ní 2004. Èmi kò ka mẹ́jọ yẹn sí òfin. Ẹni tó bá jókòó ti aago láti máa ka mẹ́jọ yóò kọ ìtàn tó gbẹ bí èèpo igi. Ohun tí mo mú nínú ẹ̀kọ́ wọn ni pé ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ń béèrè ìbéèrè kékeré kan, ó ń dáhùn rẹ̀, ìdáhùn náà sì ń bí ìbéèrè tó tóbi jù ú lọ.

Kí n tó mọ orúkọ Frank Daniel rárá ni mo ti rí ohun tó ń sọ. Èmi ṣì kéré nígbà tí àwọn eléré wa gbé sinimá bọ́ sójú ọ̀nà. Adéyẹmí Afọláyan, tí gbogbo ayé ń pè ní Adé Love, ti kópa nínú Àjàní Ògún ní 1976. Ọmọ Àgbàmú ni, ní ìpínlẹ̀ Kwara tí àwa náà wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó dá ìpínlẹ̀ Kogi sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1991. Hubert Ògúndé gbé Ayé jáde ní 1979, ó fi Jáíyésinmi tẹ̀ lé e ní 1980. Bí wọ́n ti ń gbé eré orí ìtàgé kiri láti ìlú dé ìlú tẹ́lẹ̀ náà ni wọ́n ń gbé fíìmù kiri, pẹ̀lú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń sọ ọ́ sára aṣọ funfun. Mo wo ọ̀kan ní gbọ̀ngàn ilé-ẹ̀kọ́ kan. Bí róòlù bá tán, wọ́n á tan iná, gbogbo gbọ̀ngàn á sì bú sí ariwo. Mo rántí pé bí róòlù bá parí síbi tí ohun gbogbo ti rọlẹ̀, àwọn ènìyàn á bọ́ síta lọ ra ẹ̀pà, àwọn mìíràn á lọ tọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá parí síbi tí ẹnì kan ti ń na ọwọ́ sí ohun tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, kò sẹ́ni tí yóò dìde, ẹlẹ́pà gan-an yóò jókòó. Títí di òní, òṣùwọ̀n tí mo fi ń wọn ìtàn kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Bí a bá sì fẹ́ sọ òótọ́, àwọn ìyá wa àgbà kò nílò róòlù. Ẹ wo àlọ́ Ìjàpá àti àsèjẹ tí babaláwo sè fún Yánníbo aya rẹ̀ tó ń wá ọmọ. Ọ̀wọ́ kìíní: tọkọtaya náà ń wá ọmọ, Ìjàpá lọ bá babaláwo, ó gba àsèjẹ pẹ̀lú ìkìlọ̀ pé kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò. Ìbéèrè kìíní, ṣé yóò rí ìrànwọ́, ti gba ìdáhùn. Ṣùgbọ́n ìkìlọ̀ ti bí òmíràn. Ọ̀wọ́ kejì: òórùn ọbẹ̀ àti gbòǹgbò igi lójú ọ̀nà. Ó ṣubú, ọbẹ̀ dà sí i lọ́wọ́, ó lá a. Ọ̀wọ́ kẹta: ikùn ń wú, ó ń sáré padà sọ́dọ̀ babaláwo, orin sì wọlé. Orin inú àlọ́ kì í ṣe fún adùn nìkan. Ibẹ̀ ni ọmọdé ti ń mí, ibẹ̀ náà ni apàlọ́ ti ń wo ojú àwọn tó ń gbè é bóyá wọ́n ṣì wà pẹ̀lú òun. Nígbà tí orin kan náà bá padà, ọ̀ràn á ti wúwo ju ti ìṣáájú lọ. Mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ kíláàsì mi pé kí wọ́n yọ ìkìlọ̀ babaláwo kúrò nínú àlọ́ náà, kí wọ́n sì tún un pa. Ohun tó máa ń ṣẹ́ kù ni ọkùnrin kan tó mu ọbẹ̀ tí inú sì ń run ún.

Fíìmù tí mo ń lò jù ni Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní 1999. Ọ̀jọ̀gbọ́n Akínwùmí Ìṣọ̀lá, tó dágbére fún ayé ní 2018, ló kọ ìtàn rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù náà gbé wa lọ sí ayé àtijọ́ ní ìlú Jogbo, níbi tí a ti rí májẹ̀mú tó so ọba, adé idẹ àti ìlù ṣaworoidẹ pọ̀. Ẹni tí yóò bá jọba gbọ́dọ̀ ṣe ètùtù, kí wọ́n sì sín in ní gbẹ́rẹ́. Ẹni tó bá dé adé náà láìṣe bẹ́ẹ̀, tí wọ́n sì lu ṣaworoidẹ sí i létí, ẹ̀fọ́rí ni yóò pa á. Ìkìlọ̀ babaláwo kọ́ ni èyí bí? Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni wọ́n fi sọ ọ́, lẹ́yìn náà wọn kò tún yẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀, wọ́n kàn fi í sílẹ̀ sí orí wa. Gbogbo ohun tó kù nínú fíìmù náà, abẹ́ òjìji ìlù yẹn ló ti ń ṣẹlẹ̀.

Lápité, tí Kọ́lá Oyèwọ̀ ṣe, fẹ́ jọba ṣùgbọ́n kò fẹ́ mulẹ̀, nítorí ọba tó bá mulẹ̀ kò lè fi ìtẹ́ kó ọrọ̀ jọ. Ìbéèrè ọ̀wọ́ náà ni: ṣé yóò mulẹ̀? Ìdáhùn ni pé kò mulẹ̀, ó sì jọba. Nítorí pé kò mulẹ̀, ìlù di ọ̀tá rẹ̀, Àyàngalú onílù sì gbé ìlù sá lọ. Ìbéèrè tuntun dé: ṣé ọba lè ṣe é gbé láìsí ìlù? Ọdún gorí ọdún, àwọn onígẹdú wọ igbó Jogbo, owó ń wọ ààfin, oko àwọn àgbẹ̀ sì ń bàjẹ́. Nítorí pé oko bàjẹ́, àwọn ọ̀dọ́ dìde. Nítorí pé wọ́n dìde, wọ́n jí adé idẹ gbé. Nítorí pé adé sọnù, Lápité ké sí ọmọ ogun kan, Lágàta, pé kó bá òun gbà á padà. Lágàta gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ó pa Lápité, ó sì fi ara rẹ̀ jọba. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka àwọn gbólóhùn wọ̀nyí padà kí ẹ sì wá "lẹ́yìn náà" nínú wọn. "Nítorí" àti "ṣùgbọ́n" ni gbogbo rẹ̀. Nígbà tí ìlù wá dún níkẹyìn, tí Lágàta sì di orí mú, kò sí ọmọ kan nínú kíláàsì tó ń béèrè ohun tó fà á, nítorí láti ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ni wọ́n ti mọ̀.

Mo ní láti fi kún un pé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ òde òní kò mọ ohun tí àwa rí nígbà tí fíìmù yẹn jáde. A kò tíì gbàgbé ikú Ọ̀gágun Abacha ní oṣù kẹfà 1998, ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 1999 sì ni àwọn ológun gbé ìjọba fún alágbádá. Nígbà tí Lágàta gba adé fún ẹlòmíràn tó sì dé e sí orí ara rẹ̀, kò sẹ́ni tó nílò àlàyé. Olùkọ́ ni yóò ṣe é fún àwọn ọmọ wọ̀nyí báyìí, ṣùgbọ́n kó ṣe é lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wo fíìmù tán.

Ẹnì kan tún wà nínú eré náà tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́: Ọ̀pálábá, tí Adébáyọ̀ Fálétí ṣe. Kò jọba, kò jí adé, kò pa ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń kọjá, ó ń pòwe, ó ń da ẹ̀fẹ̀ tó ní ẹ̀gún nínú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń sọ pé apanilẹ́rìn-ín ni. Mo ní kí wọ́n máa kọ ìgbà tó bá fara hàn sílẹ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìgbà, oríkèé ìtàn ni wọ́n ti máa ń bá a, níbi tí ọ̀wọ́ kan ti ń parí tí òmíràn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ tí orin ń ṣe nínú àlọ́ ni Ìṣọ̀lá àti Kèlání gbé fún un.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ yín kò ní iná tàbí tẹlifíṣọ̀n, ẹ má ṣe sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kàn yín. Ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, Lev Kuleshov ní Rọ́ṣíà mú àwòrán ojú òṣèré kan, ó fi ọ̀kan náà síwájú àwo ọbẹ̀, ó fi í síwájú pósí òkú. Àwọn tó wò ó rí ebi nínú ti àkọ́kọ́, wọ́n rí ìbànújẹ́ nínú èkejì, bẹ́ẹ̀ ojú kan náà ni. Mo máa ń ya àwòrán mẹ́ta sára páálí: obìnrin tó ń sunkún, lẹ́tà, ọkọ̀ akérò. Mo ń yí wọn po lórí pátákó, kíláàsì á sì sọ ìtàn tí wọ́n bá rí. Bí lẹ́tà bá ṣáájú ẹkún, ẹnì kan ti kú. Bí ọkọ̀ bá ṣáájú, ọmọ rẹ̀ ń rìnrìn-àjò. Ṣọ́ọ̀kì àti páálí tó fún un.

Àwọn fíìmù tí kò ṣe dáadáa náà wúlò fún mi. Nígbà kásẹ́ẹ̀tì fídíò, ọjà ló ń sọ iye apá tí ìtàn yóò ní. Ti Olúwa Ni Ilẹ̀, tí Kèlání gbé jáde láti 1993, ní apá mẹ́ta, ìtàn rẹ̀ sì gbà á: ilẹ̀ tí kò yẹ ní títà ni wọ́n tà, àwọn tó tà á ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ọ̀kan bá sì kú, ojú á bọ́ sára ẹni tó kù. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fíìmù tó tẹ̀ lé e kò ní ìtàn tó pé apá kan, wọ́n sì fi dandan ní apá kejì. Bí wọ́n ti ń fà á gùn ni pé ọkọ̀ yóò fọn fèrè lẹ́nu géètì, mẹ́gàádì yóò sáré wá ṣílẹ̀kùn, ọkọ̀ yóò wọlé, olówó yóò sọ̀ kalẹ̀, wọn yóò kí i, yóò jókòó, wọn yóò gbé ohun mímu wá, a óò sì wo bí ó ti ń mu ún. "Lẹ́yìn náà" ni gbogbo rẹ̀. Mo máa ń ní kí àwọn ọmọ sọ ibi tí àwọn ìbá ti gé e, inú wọn sì máa ń dùn sí iṣẹ́ yìí ju gbogbo iṣẹ́ tí mo ń fún wọn lọ.

Síbẹ̀, kí a má ṣe gé ohun gbogbo. Àwọn kan gbà pé ìkíni nínú fíìmù Yorùbá jẹ́ ìfàkókòṣòfò. Èmi kò gbà. Bí aya ilé bá kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ rẹ̀ tí ìyá náà sì pẹ́ kó tó dáhùn, ọ̀wọ́ ìran kan ti bẹ̀rẹ̀ nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn. (Bóyá nítorí èyí ni fíìmù tí wọ́n bá yà ní ilẹ̀ wa yóò fi kúrú: àwa Okun kàn ń sọ "Okun o" ni láàárọ̀, ní ọ̀sán àti ní alẹ́, ó parí.)

Ohun tó mú mi kọ gbogbo èyí ni ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan. Ó gbà mí láyè láti sọ ọ́, mo sì ti yí ohun díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà dá ilé wọn mọ̀. Ẹ mọ bí ọ̀nà oko àti ọ̀nà ìrìn-àjò ti rí ní agbègbè wa láti ọdún mélòó kan. Ní sáà kejì ọdún 2024, mo ní kí kíláàsì kọ àrọ̀kọ lórí ọjọ́ kan tí wọn kò lè gbàgbé. Ohun tí ọmọ yìí kọ kò kún ojú ewé kan. Wọ́n jí bàbá rẹ̀ gbé. Lẹ́yìn náà wọ́n san owó. Lẹ́yìn náà bàbá rẹ̀ dé, inú wọn dùn, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. N kò fi yíǹkì pupa kan ìwé náà. Mo pè é, mo bi í bóyá ó fẹ́ tún un kọ tàbí kí a fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ní òun fẹ́ tún un kọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ló lò. Nígbà tó gbé e wá, ọ̀wọ́ mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀. Ti àkọ́kọ́ dá lórí fóònù kan. Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ni àwọn ajínigbé ń pè, iná kò sí, báńtìrì sì ń lọ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ní láti gbé fóònù náà lọ síbi tí wọ́n ti ń fi jẹnẹrétọ̀ gba iná sí i. Ṣé wọn yóò pè nígbà tí fóònù kò sí nílé? Ó parí síbi tí fóònù dún ní ọwọ́ ẹ̀gbọ́n náà lójú ọ̀nà, òun nìkan ló sì gbọ́ iye owó tí wọ́n dá. Ọ̀wọ́ kejì ni ti owó: wọ́n ta oko káṣú, wọ́n yá ti ìjọ, síbẹ̀ kò pé. Lálẹ́ ọjọ́ kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú àpò ìwé kan jáde, owó tó ti ń dá sọ́dọ̀ alájọ láti fi wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga ló wà nínú rẹ̀, ó kó o lé orí tábìlì. Ọjọ́ kẹta, ọ̀kadà gbé bàbá wọn dé ní ìrọ̀lẹ́.

Ìbéèrè tí a ti ń béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ ti gba ìdáhùn, mo sì rò pé ibẹ̀ ni yóò parí sí. Kò parí. Ọ̀wọ́ kẹta ni ti ilé wọn lẹ́yìn ìpadàbọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó sọ ibi tí owó ti wá fún bàbá. Ẹ̀gbọ́n ti ń lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì láti kọ́ṣẹ́, ó ń purọ́ pé òun ń ran ọ̀rẹ́ lọ́wọ́ ni. Ọmọbìnrin yìí kò kọ ohun kan nípa inú igbó. Mo bi í, ó ní bàbá òun kò sọ ọ́ fún àwọn. Ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ nínú ìtàn, kò rọ́ nǹkan kan dí i, èyí sì wú mi lórí ju èdè rẹ̀ lọ. Gbólóhùn ìkẹyìn àrọ̀kọ náà ni ìbéèrè tí bàbá bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nídìí oúnjẹ alẹ́: ọjọ́ wo ni ẹ ń wọlé?

Mo fi han olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan. Ó ní àrọ̀kọ náà kò ní ìgúnlẹ̀, pé wọn yóò gé máàkì rẹ̀ nínú ìdánwò. Òótọ́ ló sọ nípa ìdánwò, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà: bí ó bá wà níwájú WAEC, kí ó fi ìpínrọ̀ kékeré kan gúnlẹ̀ bí wọ́n ti ń fẹ́. Ó wá bi mí bóyá ó lè fi ìbéèrè bàbá rẹ̀ parí rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn ilé-ẹ̀kọ́ wa. Mo ní kó fi parí rẹ̀.